Ìkìlọ̀: ẹ má sanwó fún àwọn tó ń ta ìkòkò "odindi tòlótòló láti inú yìnyín"

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó sanwó fún slow cooker (ìkòkò oníná tó ń fi ooru díẹ̀díẹ̀ se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí) tí wọ́n ń polówó kiri yìí, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán ná. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ẹ gbé odindi tòlótòló tó ti dì gbagidi sínú ìkòkò láàárọ̀, kí ẹ dé e, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Pé tó bá máa fi di alẹ́, ẹran ti jinná, awọ rẹ̀ sì ti pọ́n, ó ti gbẹ bí èyí tí wọ́n yan. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Àwòrán tí wọ́n gbé síbẹ̀ gan-an ló tú àṣírí wọn. Ẹran inú slow cooker kì í pọ́n. Ooru ìkòkò àti ooru omi tí ọmọrí ń dá padà sórí rẹ̀ ló ń sè é, nítorí náà awọ rẹ̀ á ṣì funfun, á sì rọ̀, àfi tí ẹ bá gbé e sínú oven lẹ́yìn tó jinná kí ojú rẹ̀ lè pọ́n díẹ̀. Tòlótòló inú àwòrán yẹn, inú oven ló ti jáde, wọ́n kàn wá gbé e ka inú ìkòkò tí wọ́n fẹ́ tà ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bó ṣe yọ kọjá etí ìkòkò. Ọmọrí wo ló máa bo ìyẹn? Slow cooker tí ọmọrí rẹ̀ ò padé kò lè se ẹran jinná dáadáa.

Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi wà nínú páálí mèremère. Ìgbà tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo rí i pé wọ́n ti ha ìwé tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kúrò, ibi tó yẹ kí a ti ka iye volt (bí iná tó yẹ kó lò ṣe lágbára tó) àti watt (iye iná tó ń jẹ). Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi níka. Wọ́n ti gé orí wáyà rẹ̀, wọ́n so púlọ́ọ̀gì mìíràn mọ́ ọn, wọ́n sì fi téépù dúdú wé e. Mo bi wọ́n, wọ́n ní bó ṣe ń ti ilé-iṣẹ́ wá nìyẹn. Irọ́ gbuu.

Ìdí tí wọ́n fi ń ha ìwé yẹn kúrò rèé. Iná àwọn orílẹ̀-èdè kan, bí Amẹ́ríkà àti Kánádà, jẹ́ 120V. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ń lo 220V sí 240V. Ìkòkò tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kò ṣeé lò lórí èkejì. Ká ní ìkòkò oní-240 watt ni, tó jẹ́ ti 240V, ẹ wá fi sí iná 120V. Ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló máa lò, ìyẹn 60 watt, bíi gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo. Tó bá sì jẹ́ ti 120V lẹ fi sí 240V, ìlọ́po mẹ́rin ló máa fà: 960 watt nínú ohun tí wọ́n ṣe fún 240 watt. Wáyà á jó, ilé náà sì lè bá a lọ. Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n pààrọ̀ ò yí ohun tó wà nínú ìkòkò padà.

Lójú tèmi, èyí tí kò gbóná tó ló burú jù. Èyí tó ń jó á rú èéfín, ẹ ó sì sáré yọ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná pupa rẹ̀ á máa tàn, ẹ ó sì gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Láàárín 4°C sí 60°C ni kòkòrò àrùn ti ń pọ̀ sí i kíákíá, ibẹ̀ gan-an ni ẹran náà sì máa wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn kòkòrò kan máa ń tu oró sínú ẹran, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá tún un sè, kòkòrò á kú, oró ò ní lọ.

Kódà tí ìkòkò bá jẹ́ ojúlówó, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún yín yẹn léwu. USDA, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti sọ ọ́ pé kí yìnyín yọ́ tán lára ẹran kó tó wọ slow cooker. Odindi tòlótòló sì tóbi jù fún un, ìkòkò ńlá tó wọ́pọ̀ nínú ilé ò ju lítà mẹ́fà sí méje lọ. Igẹ̀ tàbí itan ni kí ẹ sè. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì, nǹkan bíi wákàtí 24 fún kílò méjì. Ẹ má ṣe máa ṣí ọmọrí wò ṣáá. Kí ẹ sì ki tẹmọ́mítà bọ ibi tó nípọn jù láìkan egungun. Tí kò bá tíì pé 74°C, kò tíì jinná, ohun yòówù kí aago sọ.

Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, omi lẹ máa fi dán an wò, kì í ṣe ẹran. Ẹ bu omi kọjá ìdajì ìkòkò, ẹ dé e, ẹ fi sí ibi tí iná rẹ̀ ti kéré jù fún wákàtí mẹ́jọ. Bí ẹ bá ṣe ṣí i ni kí ẹ ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́ kíá, torí ooru rẹ̀ máa ń lọ lọ́gán. Láàárín 85°C sí 93°C ló yẹ kó wà. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má se nǹkan kan nínú rẹ̀.

Àwọn gbájúẹ̀ yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn rójú ronú. Wọ́n á ní ó ku díẹ̀ kó tán. Wọ́n á ní kí ẹ sanwó tààrà sí àkáǹtì, kí ẹ má gba orí ìkànnì tí ẹ ti rí ọjà náà. Ẹ ní kí wọ́n ya ìdí ìkòkò àti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ fún yín lórí fídíò kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Èmi ti rán ẹnì kan tó fẹ́ rà á láti béèrè bẹ́ẹ̀: wọn ò fèsì mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ ya àwòrán ibi tí wọ́n ha yẹn, ẹ tọ́jú páálí àti gbogbo ohun tí ẹ jọ sọ, kí ẹ tètè fẹjọ́ sùn lórí ìkànnì náà àti ní báńkì yín kí àkókò ìdápadà tó kọjá. Ẹ má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Tí ọ̀rọ̀ owó bá sì ti yanjú, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ gé wáyà rẹ̀ ní ìdí kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lọ sílé.