Jíìpù ni mo ń wá, wágọ̀nù ni mo gbé wálé: Toyota Auris Touring Sports lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀

Ẹ jẹ́ n kúkú sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ràn mọ́tò yìí rárá nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó gùn gbọọrọ, ó rí pẹlẹbẹ, ìyàwó mi ní ó jọ mọ́tò tí wọ́n fi ń gbókùú. Jíìpù ló wà lọ́kàn àwa méjèèjì. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, tí ọmọ kẹta bá ti ń bọ̀ lọ́nà, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Bọ̀ọ̀dá, ó ti tó àsìkò jíìpù o", bíi pé àwọn ló máa bá ẹ san owó epo ẹ̀.

Thamesmead la ń gbé ní London níbí. Mọ́tò tá a ní tẹ́lẹ̀, kékeré ni, ọmọ méjì gan-an ló ń gbé tipátipá. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn, èkejì ọmọ ọdún mẹ́ta, oyún ẹ̀kẹta sì ti wọ oṣù kẹfà. Òfin ibí sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó sínú síìtì ọmọdé títí á fi pé ọdún 12 tàbí títí á fi ga tó 135 sẹ̀ńtímítà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, torí náà kò sí pé kẹ́nì kan gbé ọmọ lé itan bí wọ́n ṣe ń gbé wa nílé. Síìtì mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀yìn, kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ilẹ̀kùn sì tì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò lọ wo mọ́tò kankan lọ́wọ́ òfo. Síìtì ọmọ méjì tá a ní, bọ́gì, àti kúlà ńlá tí ìyàwó mi fi ń gbé ìrẹsì lọ òde, gbogbo ẹ̀ ni mo máa ń kó dání. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi máa ń dáná fáwọn èèyàn, ẹ sì mọ bí Sátidé ṣe ń rí níbí tí òtútù bá ti lọ, tí kì í bá ṣe ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó ni, tí kì í bá ṣe ìgbéyàwó, ẹnì kan pé àádọ́ta ọdún. Èmi ò mọ líta tí wọ́n ń kọ síwèé, kúlà yẹn ni mo fi ń wọn bùtù.

Jíìpù àkọ́kọ́, ẹwà ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, dúdú kirikiri, síìtì aláwọ. Mo gbé kúlà sẹ́yìn, ó wọlé, mo fa ilẹ̀kùn wálẹ̀, gíláàsì ẹ̀yìn lọ gbá a lórí, torí pé gíláàsì jíìpù ń dagun wá síwájú ni, òkè bùtù ò fẹ̀ tó ìsàlẹ̀ ẹ̀. Mo yí kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbá a. Etí bùtù yẹn sì ga dé ikùn mi, ṣé irú ibẹ̀ ni aboyún á máa gbé nǹkan sí? Ẹni tó fẹ́ tà á wò mí títí, ó bi mí bóyá mọ́tò ni mo fẹ́ rà àbí mo fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo wágọ̀nù nìyẹn o, èyí tí wọ́n ń pè ní estate níbí.

Èkejì tá a lọ wò jẹ́ wágọ̀nù dísù, lọ́dọ̀ díla kan tí mi ò ní dárúkọ. 68,000 máìlì ló wà lójú díáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti pè mí ní "my brother" tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó jókòó. Mo wá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ gba fóònù, mo tẹ nọ́ńbà mọ́tò sínú wẹ́ẹ̀bù MOT ti ìjọba, MOT ni àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún tí òfin ibí ní kí wọ́n ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, gbogbo ìgbà tí wọ́n ti yẹ mọ́tò náà wò ló máa jáde, pẹ̀lú iye máìlì tó wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́dún kan ó wà ní 104,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó di 61,000. Àbí mọ́tò ọ̀hún ń rìn padà sẹ́yìn ni? Mo fi han ọ̀gbẹ́ni, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní àṣìṣe àwọn tó ṣe MOT ni. Mo ní ẹ ṣeun, ìyàwó mi ń pè mí.

Ẹ má fi wẹ́ẹ̀bù yẹn ṣeré o. Kì í ṣe máìlì nìkan ni mo ń wò níbẹ̀ báyìí, mo máa ń wo ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún onímọ́tò. Tí wọ́n bá sọ pé bírékì ń jẹ lọ́dún yìí, tí wọ́n tún sọ ọ́ léèmejì, ó yé mi pé ẹni tó ni ín ń rí i, kì í ṣe é ni. Irú wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Ẹ̀kẹta, owó ẹ̀ ti dáa jù. Mo san owó díẹ̀ kí wọ́n bá mi yẹ ìtàn ẹ̀ wò, Cat S ló jáde, ìyẹn ni pé ó ti ní jàǹbá tó dé egungun ara ẹ̀, ìnṣọ́ránsì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kan wá lọ tún un ṣe. Ó lè máa rìn dáadáa o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ mi ni màá fi dán an wò.

Lórí dísù, ẹ fara balẹ̀. Láti 29 August 2023 ni ULEZ, ìyẹn agbègbè tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín ẹ̀ burú, ti gba gbogbo London, mọ́tò tí kò bá bá òfin mu á máa san £12.50 lójoojúmọ́ tó bá gbéra. Pẹtiróòlù tó bá ti jẹ́ Euro 4 (ìpele tí wọ́n fi ń wọn èéfín mọ́tò ni Euro) ò ní ìṣòro, dísù ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 6, ìyẹn àwọn tó jáde ní bíi ìparí 2015 sókè. Ọ̀pọ̀ dísù tí ẹ rí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, ohun tó fà á nìyẹn. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó jẹ́ pé ilé ìwé àti ọjà nìkan ló ń wa mọ́tò lọ, dísù ò wúlò fún un, ìrìn kúkúrú kì í jẹ́ kí àsẹ́ èéfín ẹ̀ gbóná tó láti jó èédú inú ẹ̀ dànù, á wá dí.

Ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó kan ní Gravesend la ti rí Auris yìí. 2016 ni, hybrid 1.8 (èyí tó ń lo pẹtiróòlù àti iná pa pọ̀), 71,000 máìlì, £9,200. Bàbá kó gbogbo ìwé sáfísì, ìyẹn ìtọ́jú mọ́tò, sínú fáìlì kan, rìsíìtì táyà gan-an wà níbẹ̀. Ẹ rántí o, tẹ́ ẹ bá rà lọ́wọ́ díla, òfin 2015 fún yín ní 30 ọjọ́ láti dá a padà tó bá ní àléébù, àmọ́ tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan lásán lẹ ti rà á, ojú yín ni alákòóso yín. Ìdí tí mo fi mú mẹkáníìkì wa kan dání nìyẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò náà fún ogún ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀, bàbá òyìnbó lọ po tíì fún un.

Nílé, tòkunbọ̀ là bá máa pe irú mọ́tò báyìí. Àmọ́ èyí ò kọjá òkun kankan o, Burnaston lẹ́bàá Derby ni wọ́n ti tò ó, Deeside ní Wales ni wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni mọ́tò, èmi tí mò ń wà á gan-an ni tòkunbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti bùtù, torí òun ló mú mi rà á. Kúlà wọlé gbọnrangandan, àyè ṣì kù fún bọ́gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ àti báàgì ọmọ lórí ẹ̀. 530 líta ni wọ́n pè é, tẹ́ ẹ bá sì dá síìtì ẹ̀yìn dé ó kọjá 1,600. Etí ẹ̀ wà nílẹ̀, ńṣe lẹ máa ń ti ẹrù wọlé, ẹ ò ní gbé e. Bátìrì hybrid wà lábẹ́ síìtì ẹ̀yìn, kò sí nínú bùtù, torí náà kò jẹ nínú àyè ẹrù. Škoda Octavia estate ti àsìkò yẹn tóbi ju èyí lọ o, 610 líta, tó bá jẹ́ bùtù nìkan lẹ ń wá, ẹ lọ ra ìyẹn, mi ò ní bá yín jà. Èmi fẹ́ hybrid ni.

Síìtì ẹ̀yìn wá ni wàhálà tèmi. Isofix, ìyẹn ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń há síìtì ọmọ mọ́ mọ́tò, wà ní ọ̀tún àti òsì, kò sí láàárín, ẹni àárín á fi bẹ́líìtì dè é. Síìtì Isofix kì í sún, ibi tí wọ́n bá gbé e sí náà ló máa wà, ó wá bo ojú ibi tí bẹ́líìtì àárín ń wọ̀. Àkọ́bí wa ló wà láàárín. Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní tí mo fẹ́ gbé wọn lọ ilé ìwé, mo ti ọwọ́ bọ àárín síìtì méjèèjì, mò ń wá ojú bẹ́líìtì bí ẹni ń wá owó nínú kòtò, nígbà tí mo máa fa ọwọ́ yọ, ìka mi ti bó. A padà lọ ra síìtì tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ti àárín, ó sàn, kò sàn tán. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta lẹ ní, ẹ má rà á láìgbé síìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ sì de ọmọ àárín mọ́lẹ̀ fúnra yín.

Mo máa ń rántí Peugeot 504 wágọ̀nù bàbá mi, àwọn tí wọ́n ń tò ní Kaduna nígbà yẹn. Ìlà síìtì mẹ́ta ló ní, àwa ọmọ márùn-ún ló máa ń wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú iṣu àti adìyẹ, kò sí bẹ́líìtì, kò sí Isofix, ẹni tó bá sùn, orí ẹ̀ á máa gbá gíláàsì. Bá a ṣe yè é, Olúwa ló mọ̀.

Epo. Hùn. Ibi tí mo ti ń jẹ̀gbádùn nìyí. Tẹ́ ẹ bá wà nínú gósíló, ẹ́ńjìnnì á kú, iná ni mọ́tò á máa fi rìn, tẹ́ ẹ bá tẹ bírékì ó tún ń gba iná padà, kò sí pé ẹ ń fi wáyà cháàjì ẹ̀. Nínú ìgboro mò ń rí bíi máìlì 55 nínú gálọ́ọ̀nù kan, lójú ọ̀nà M1 tá a bá ń lọ Leeds ó máa ń wálẹ̀ sí bíi 49, torí orí eré ni iná ò ti fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Owó orí mọ́tò tí ìjọba ń gbà lórí ẹ̀, òfo ni tẹ́lẹ̀, láti April 2025 ó di £20 lọ́dún. £20! Owó bàgà èmi àtàwọn ọmọ jùyẹn lọ.

Ariwo ẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn. Jíà ẹ̀ kì í yí bíi ti mọ́tò yòókù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó sáré gan-an, pàápàá lórí òkè, ẹ́ńjìnnì á bú sígbe lóhùn kan náà títí eré á fi bá a. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a kó ẹrù kún un gun Shooters Hill, ọmọ wa kejì ní "Dádì, mọ́tò ń sunkún". Kò bàjẹ́, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, kó wá nǹkan míì.

Nǹkan díẹ̀ tẹ́ni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mọ̀. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìtì ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni fáànù ti ń fa atẹ́gùn tó ń mú bátìrì hybrid tutù, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ mi ń da búrẹ́dì sí. Ẹ máa fọ̀ ọ́. Bátìrì kékeré tó ń jí mọ́tò, inú bùtù ló wà. A lọ Nàìjíríà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà tá a máa fi dé ó ti kú fin-ín, bùtù sì kọ̀ ò ṣí torí iná ló ń ṣí i. Ẹ̀bi tèmi ni, mo gbàgbé ẹ̀ síta lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ojú kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ki wáyà sí, aládùúgbò wa ló bá mi jí i. Àwọn olè náà fẹ́ràn hybrid gan-an, catalytic converter abẹ́ ẹ̀, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, ni wọ́n ń gé torí irin olówó iyebíye tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, kẹ́ ẹ tó bọ bàtà wọ́n ti lọ. Kéèjì irin ni mo lọ ṣe sí i lábẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé.

Ti wọ́ńtì (warranty), ìyẹn àdéhùn pé wọ́n á tún mọ́tò ṣe tó bá bàjẹ́, Toyota níbí, tẹ́ ẹ bá ti ṣe sáfísì lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á fún yín ní wọ́ńtì ọdún kan, ẹ lè máa tún un ṣe bẹ́ẹ̀ títí mọ́tò á fi pé ọdún 10 tàbí 100,000 máìlì. Owó sáfísì wọn ju ti mẹkáníìkì wa lọ, mo ń san án tìkanratìkanra, ṣùgbọ́n mò ń san án.

Ìyàwó mi tó ní mọ́tò agbókùú ni, òun ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ báyìí. Ní Sátidé, èmi ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì.

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ọ̀kan tí mo yọ, ti ariwo Shooters Hill ni. Ọ̀kan tó kù, ti ìka mi.