Ìjà Ẹ̀ṣẹ́ Tí Mo Kọ́kọ́ Wò Lójúkojú: Òpó Dí Mi Lójú, Bàbá Kan Ṣí I

Ìjà kẹta nínú mẹ́jọ ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Ẹnì kan ti ṣubú. Ìlà kẹsàn-án ni ìjókòó mi wà, "ẹ̀bá rìngì" ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ òpó igun funfun àti ẹ̀yìn ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n kan ni ojú mi rí. Rẹfirí ti kà dé mẹ́fà kí n tó mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló wà nílẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn, torí ẹni tó jókòó sílé níwájú tẹlifíṣọ̀n rí ìṣubú yẹn jù mí lọ.

Kì í ṣe orí burúkú ló fà á, bí wọ́n ṣe to àga ni. Pèpéle rìngì ga tó mítà kan, ilẹ̀ tí wọ́n to àga ẹ̀bá rìngì sí sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tó wà ní ìlà kìíní sí ìkẹta á gbójú sókè, á rí gbogbo rẹ̀. Láti ìlà karùn-ún lọ sẹ́yìn, orí àwọn tó wà níwájú á bo kánfáàsì, ẹsẹ̀ àwọn akànṣẹ́ á pòórá, bẹ́ẹ̀ ìdajì ìjà wà ní ẹsẹ̀. Tí àga bá wá dojú kọ igun, òpó pẹ̀lú tìmùtìmù tí wọ́n fi bo ibi tí wọ́n so okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ á la rìngì sí méjì. Ayàwòrán tó dúró sétí pèpéle á gba èyí tó kù. Àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ gbogbo èyí. Àwòrán ìjókòó tí wọ́n fi hàn wá kò ní òpó, kò ní kámẹ́rà. Onígun mẹ́rin lásán ló wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró sí ọ̀nà àárín àga ni mo kọ́kọ́ bá. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Nọ́ńbà yín náà nìyẹn." Mo ní kó jókòó síbẹ̀ kó wò ó fúnra rẹ̀. "Nọ́ńbà yín náà nìyẹn." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, kò sì yíjú sí òpó yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo lọ sí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Obìnrin ibẹ̀ fohùn tútù dá mi lóhùn pé kí n dúró kí ìjà kẹrin parí. Ìjà ráúńdì mẹ́rin ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láàárín wọn: ìṣẹ́jú 15 gbáko bí kò bá sí ẹni tó gba ẹ̀ṣẹ́ sùn. Kò sẹ́ni tó sùn. Nígbà tó parí, ó ní ọ̀gá òun nìkan ló lè pààrọ̀ ìjókòó, òun ò sì mọ ibi tí ọ̀gá wà.

Bàbá kan tó ń ṣọ́ àtẹ̀gùn ìjókòó òkè ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Kò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Ó bá mi rìn padà dé ìlà kẹsàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti ẹni tó jókòó dọ́gba, ó mi orí. "Ẹ má bínú. Ẹ máa bọ̀." Ó mú mi lọ sí ìjókòó onípele, ìlà kẹrin láti ìsàlẹ̀, èyí tó kọjú sí àárín okùn. Ó nàka sí àwọn onídàájọ́ mẹ́ta, ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó sí, torí ẹ̀yìn akànṣẹ́ lè bo ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ẹnì kan lójú kó sì ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹnì kejì. "Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ̀yin náà wà báyìí o. Kí máàkì wọn má yà yín lẹ́nu."

Ibẹ̀ ni mo ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìjà. Ohùn ló kọ́kọ́ mú mi. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ròyìn ìjà máa ń bo ohùn ẹ̀ṣẹ́. Níbí, jáàbù, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú, tó ba ìbọ̀wọ́ ń dún "pà!", èyí tó wọ ẹ̀gbẹ́ ìhà ń dún "gbì!" Tí etí bá ti mọ ìyẹn, ariwo èrò kò lè tan èèyàn jẹ mọ́, wọ́n ń hó gèè sí ẹ̀ṣẹ́ tó ba apá lásán. Nínú ìjà karùn-ún, ọlọ́wọ́ òsì pàdé ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ iwájú àwọn méjèèjì sì ń jà sí ilẹ̀ kan náà: ẹni tó bá gbé tirẹ̀ sí ìta ti ẹnì kejì ni ọ̀nà ṣí fún ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ títí ọ̀kan fi ṣubú. Rẹfirí kò kà. Ó nu ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa jà lọ. Ẹni tí kò rí ẹsẹ̀ á máa bínú pé wọ́n jí kíkà.

Ìjà kẹfà ni mi ò lè gbàgbé. Ní ráúńdì kẹta, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún sókè sí orí, ẹnì kejì gbé ìgúnpá ọ̀tún rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ òsì sì ti gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. "Gbì!" Ẹni tó gbà á rìn sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan bíi pé kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wà lápá ọ̀tún lábẹ́ ìhà. Tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà á, ìrora rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, tó bá sì dé, èémí á há, ẹsẹ̀ á kọ̀ jálẹ̀, orí á sì mọ́ kedere. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ìka rẹfirí títí dé mẹ́wàá, kò lè dìde. Àwọn kan ní ìsàlẹ̀ ń pè é ní ojo. Òpó ló dí àwọn náà.

Nínú ìjà àṣekágbá, orí gbá orí, ìpéǹpéjú ọ̀kan sì là. Ìsinmi ìṣẹ́jú kan, àmọ́ tí a bá yọ àkókò tí akànṣẹ́ fi rìn dé àpótí àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí wọ́n fi ń lé àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ jáde, nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kù fún olùtọ́jú ọgbẹ́. Ó nu ẹ̀jẹ̀ gbẹ, ó ti òwú tó ti rẹ sínú ádírẹ́nálíìnì 1:1000, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bọ inú ọgbẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò láti yẹ̀ ẹ́ wò, torí àyẹ̀wò àìnísùúrù yẹn ló máa ń dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ìparí ló tó fi Vaseline lé e. Ráúńdì mẹ́ta ni ọwọ́ rẹ̀ fi mú kí ìjà yẹn máa lọ. Ní ìkeje, dókítà gun òkè, ó wo ojú náà, ó ní ó tó. Mo fara mọ́ ọn; láti ìgbà tí Duk Koo Kim, akànṣẹ́ ará South Korea, ti kú lẹ́yìn ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Ray Mancini ní 1982, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá dókítà jiyàn lórí okùn.

Àmọ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbọ̀ngàn dákẹ́. Lábẹ́ òfin ọ̀pọ̀ àjọ, tí ọgbẹ́ tí orí fà láìmọ̀ọ́mọ̀ bá dá ìjà dúró lẹ́yìn ráúńdì mẹ́rin, máàkì àwọn onídàájọ́ ló ń pinnu. Rẹfirí ti ṣe àmì rẹ̀ ní kété tí orí gbá orí, mo rí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún èrò, nígbà tí wọ́n wá ka máàkì tí ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sì borí, ìdajì gbọ̀ngàn ń pariwo olè, ìgò omi ń fò. Gbólóhùn kan péré ni ì bá pa iná yẹn.

Lẹ́nu ọ̀nà, mo béèrè owó tó lé lórí ìjókòó ìlà kẹsàn-án, torí èyí tí mo padà jókòó sí kò wọ́n tó o. Obìnrin ọjọ́un náà ni. Ó ní, "Ṣebí ẹ ti wòran?" Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó ra ìjókòó onípele, ìlà kẹta sí ìkẹfà, kó kọjú sí okùn, kó má kọjú sí òpó, kó sì béèrè ẹ̀gbẹ́ tí kámẹ́rà ńlá wà kó tó sanwó.

Máàkì: 9 nínú 10.