Kókó Lára Ẹja Góòlù: Ká Gé E ni, Tàbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Ẹni tó ń sin ẹja góòlù nínú táǹkì gíláàsì ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, tó wá rí kókó lára rẹ̀, lè yan iṣẹ́ abẹ, tàbí kí ó fi kókó náà sílẹ̀ kí ó máa ṣọ́ ọ. (Ẹran tó ṣù bo orí irú tí à ń pè ní oranda kì í ṣe àrùn; bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.)

Iṣẹ́ abẹ ṣeé ṣe ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Dókítà ẹranko yóò po oògùn akunilórun, irú bíi MS-222, mọ́ omi. Bí ẹja bá ti sùn, yóò tẹ́ ẹ sórí fóòmù tútù, pọ́ǹpù kékeré yóò sì máa da omi olóògùn gba ẹnu rẹ̀ kọjá ibi tó fi ń mí, títí a ó fi gé kókó náà tán. Èyí yẹ kókó orí awọ tó ń dí ojú tàbí ẹnu. Ṣùgbọ́n kókó lè tún hù, ti inú ikùn sì ṣòro púpọ̀. Ìrìn àjò tún wà níbẹ̀, nítorí Abẹ́òkúta ni ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà.

Fífi í sílẹ̀ kò gbà ju omi mímọ́ àti àkíyèsí lọ. Bí ẹja bá ń jẹun, tó ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, èyí ni èmi yóò yàn. Nígbà tí kò bá jẹun mọ́, tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi, kí dókítà fi oògùn oorun tó pọ̀ jẹ́ kí ó kú láìjẹ̀rora.