Sin àti cos nọ́ḿbà complex nínú Excel: bí mo ṣe rí i

Àwọn ọmọ ẹ̀ka iná mànàmáná ní LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mo máa ń kọ́ ní ìṣirò. Kalukulétọ̀ ọwọ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń lò kì í gba sin nọ́ḿbà complex (nọ́ḿbà tí ó ní apá gidi àti apá tí i wà lára rẹ̀, bíi 4+3i), nítorí náà Excel ni mo fà wọ́n lọ sí, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ kọ =IMSIN("4+3i") sínú àpótí kan, ẹ ó rí -7.619-6.548i, tí a bá gé ìdí rẹ̀ kù. Mo fi ọwọ́ ṣe é wò: mo fi cosh 3 sọ sin 4 di púpọ̀ fún apá gidi, mo fi sinh 3 sọ cos 4 di púpọ̀ fún apá tí i wà lára rẹ̀, ìdáhùn méjèèjì sì bára mu pátápátá. Rédíánì ni 4 yẹn o, kì í ṣe dígírì. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ máa ń ṣì: fún 3+4j (j dúró fún i níbí), IMABS yóò fún wọn ní gígùn rẹ̀, 5, IMARGUMENT yóò fún wọn ní igun rẹ̀, 0.927 rédíánì, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi DEGREES sọ ọ́ di dígírì 53.13.

Ohun tí ó tún yẹ kí ẹ fiyè sí ni pé ọ̀rọ̀ ni Excel ka ìdáhùn yìí sí, kò kà á sí nọ́ḿbà. Ẹ wo àpótí náà dáadáa, apá òsì ni ó fara tì. Bí ẹ bá fi SUM ro irú àwọn àpótí bẹ́ẹ̀ pọ̀, òdo ni ẹ ó bá níbẹ̀. IMSUM ni ó mọ̀ wọ́n. J ńlá kò gbọdọ̀ wọ inú nọ́ḿbà complex tí ẹ bá kọ, ẹ má sì da i pọ̀ mọ́ j nínú fọ́múlà kan ṣoṣo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ #VALUE! ni yóò jáde.

IMTAN, tí ó ń ṣe tan nọ́ḿbà complex, kò sí nínú Excel tí ó ṣáájú ti 2013. Ẹni tí ó bá ń lo ti àtijọ́ lè fi IMDIV pín IMSIN sí IMCOS. IMTAN wà nínú Google Sheets, tí a kì í sanwó fún.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé kò sí fọ́múlà kan tí ó ń dá sin nọ́ḿbà complex padà sí igun rẹ̀. IMLN, IMSQRT, IMPRODUCT, IMSUM àti IMSUB ni mo so pọ̀ títí mo fi rí i ṣe, mo sì máa ń fún àwọn ọmọ mi ní fáìlì náà. Kí wọ́n tó gbà á gbọ́, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ da ìdáhùn rẹ̀ sínú IMSIN, kí wọ́n rí i bóyá nọ́ḿbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni yóò padà wá.