Lẹ́ǹsì tí mo yá ní Ìbàdàn, àti ẹ̀gà olórí pupa tí kò dúró dè mí

Aago 8 òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ti kọjá díẹ̀, nínú igbó tí ó wà láàárín ọgbà IITA, àjọ tí ó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìbàdàn, nígbà tí ẹyẹ tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn bà sórí okùn igi kan tí kò ju mítà 7 lọ sí ibi tí mo dúró sí. Ó jókòó. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi. Oòrùn gba àárín ewé wọlé, ó sì tàn sí i lórí gan-an. Mo gbé kámẹ́rà, mo tẹ bọ́tìnnì, lẹ́ǹsì tí mo fi owó mi yá sì ń lọ wíì, ó ń bọ̀ wíì, bí ẹni tí ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, kò sì mú ẹyẹ náà rárá. Mo mọ ìwọ̀n àkókò tí ó fi dúró, nítorí pé àwọn fọ́tò náà ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́rìí: fọ́tò 39 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 22, gbogbo wọn sì dà bí ẹ̀jẹ̀ tí ó kán sínú omi. Ìṣẹ́jú àáyá 22 yẹn ni ó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Ẹni tí kì í wo ẹyẹ lè béèrè pé kí ni ẹ̀gà kan fi ju ẹ̀gà mìíràn lọ. Ẹ̀gà tí mo ń wí yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malimbus ibadanensis, kò sí níbòmíràn ní gbogbo àgbáyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ. Ọdún 1958 ni Elgood, onímọ̀ ẹyẹ, kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀, orúkọ Ìbàdàn ni ó sì fún un. Àwọn igbó tí ó ń gbé ti di oko àti ilé débi pé ó wà lára àwọn ẹyẹ tí ìparun ń dẹ́rù bà. Dúdú ni, orí àti àyà rẹ̀ sì pọ́n. Òkè igi ni ó fẹ́ràn, láàárín àwọn ẹ̀gà mìíràn tí wọ́n jọ ọ́ bí ìbejì, nítorí náà, kí ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá ènìyàn báyìí kì í ṣe ohun tí a ń retí lẹ́ẹ̀mejì.

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó yá mi ní lẹ́ǹsì náà, nítorí ọ̀rọ̀ àwa àti wọn kò tíì parí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ya ẹyẹ mọ ohun tí lẹ́ǹsì 150-600, lẹ́ǹsì gígùn tí ó ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ni, ń ṣe, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Owó ọjọ́ kan jẹ́ ₦25,000. Mo san ti ọjọ́ mẹ́ta, mo sì fi ₦200,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìdógò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí káńtà fi iná fóònù wo inú dígí náà, ó kọ gbogbo ibi tí ó ti ha sínú ìwé, ó ní kí n buwọ́ lù ú, ó ya iwájú rẹ̀, ó ya ẹ̀yìn rẹ̀, ó ya nọ́ńbà ara rẹ̀, ó gba káàdì ìdánimọ̀ mi, ó ya ìyẹn náà. Ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbà. Nínú ogójì ìṣẹ́jú yìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sọ nípa lílo ohun tí mo wá yá: "Sà, ṣé ẹ ti lo irú rẹ̀ rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé èyí tí mo ti lò rí kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, òjò rọ̀ láti ìdájí títí di alẹ́. N kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ lórí ìyẹn, oṣù Òkúdu ni.

Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó yà mí lẹ́nu. Ilé ìtura kékeré kan ní agbègbè Mọ́níyà ni mo sùn sí, gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé iná kì í dúró ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, iná dúró. Kò ṣẹ́jú rárá. Ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, orí àpò lẹ́ǹsì tí mo ṣí sílẹ̀ kí ọ̀rinrin òjò lè gbẹ kúrò lára rẹ̀ ni ó sì ń fẹ́ sí. Nígbà tí mo gbé e wọ inú igbó ní ìdájí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lọ́wọ́ọ́rọ́ tí ó sì kún fún omi, ìrì bo dígí náà bí ó ṣe máa ń bo ife omi tútù lórí tábìlì lọ́sàn-án. Mo nù ún, ó tún bò ó. Mo dúró fún ohun tí ó súnmọ́ wákàtí kan, ọkùnrin tí ó ń mú mi rìn sì ń fi ìka han ẹyẹ lọ́tùn-ún àti lósì, èmi sì ń fi ojú lásán wò wọ́n bí ọmọ tí wọ́n mú dé ọjà láìsí owó lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe purọ́ mọ́ lẹ́ǹsì náà. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, àgbìgbò kan bà sórí igi ọ̀ọ́kán, ibẹ̀ sì lè tó àádọ́ta mítà. Kíá ni lẹ́ǹsì náà mú un, kò ṣiyèméjì rárá. Mo rí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí ibi tí àgógó rẹ̀ ti sán. N kò ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí ní ayé mi. Òun gan-an ni ó sì tàn mí jẹ, nítorí pé ohun tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí, ta ni yóò fura sí i lọ́la?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé ilé-iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó gbá ilẹ̀ tán. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ní ohùn tí kò yẹ kí àgbàlagbà fi bá ọmọ ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà méjì tí wọ́n wà níbẹ̀ ń wò mí bí aláriwo. Ẹ̀gà ń fọ èdè ẹnu rẹ̀, wọ́n ní ó ń pàtótó. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó kọjú lẹ́ǹsì náà sí kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri ẹ̀yìn. Wíì, wíì, kò mú un. Ó kọjú rẹ̀ sí pátákó ilé elépo ní òdìkejì títì, ó mú un lójú ẹsẹ̀. Ó yí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì náà síwájú, ó wo bọ́tìnnì kékeré kan tí ó wà níbẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó fi èékánná tì í sókè. Kàlẹ́ńdà hàn kedere.

Bọ́tìnnì náà ni ó ń sọ fún lẹ́ǹsì pé kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá ohunkóhun tí kò bá jìnnà tó mítà 10, kí ó lè yára mú ohun tí ó wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tí ó yá a ṣáájú mi gbé e lọ ya bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Adamásìngbà, kò dá a padà sí ipò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó wò ó. Wọ́n rí gbogbo ibi tí ó ha, wọn kò rí bọ́tìnnì.

Ìyá tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà ni ó wá jáde. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jókòó ná," ó sì fi ọwọ́ wọ inú àpò kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò lẹ́ǹsì, ó fa bébà kan yọ. Epo ti rin ín débi pé a lè rí ìka rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àpò kékeré yẹn ni mo kó àkàrà mi sí ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti rò pé wọ́n fi bébà náà tẹ́ ẹ ni. Ìyá náà kà á sókè fún mi. Nọ́ńbà kejì: ẹ má ṣe ṣí àpò yìí nínú yàrá tútù. Nọ́ńbà kẹrin: ẹ wo bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yíjú sí, ó ní, "Ṣé bébà ní ẹnu ni? Ìwọ ni ó yẹ kí o sọ fún wọn." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ìyẹn sì dùn mí ju ọ̀rọ̀ ẹyẹ lọ. Wọ́n dá gbogbo owó ìdógò mi padà, wọ́n sì fi owó ọjọ́ kan lé e láìjẹ́ pé mo béèrè. Ọmọ náà bá mi kó àwọn fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ àgbìgbò náà sórí bébà ńlá, ó ní kí n má san kọ́bọ̀. Ó tún bá mi fẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò 39 náà. Ewé igi tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀gà náà lọ́nà jíjìn hàn débi pé a lè ka iṣan rẹ̀. Ní iwájú rẹ̀, nǹkan pupa kan wà.

Síbẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú fún ibi tí ó ha, kò sí ìṣẹ́jú kan fún bọ́tìnnì. Bí mo bá ti rántí ìyẹn, ara mi tún máa ń gbóná. Máàkì mi fún wọn jẹ́ 2 nínú 5. Mo ti san owó ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀wàrà, lẹ́ǹsì yẹn kan náà ni mo sì ní kí wọ́n fi pamọ́ dè mí.