Ọkọ̀ Eré Ìje Ni Ìyálé: Bí Mo Ṣe Wo Sinimá Winning

Bàbá àwọn ọmọ mi ló yá Winning lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ Sátidé. Ó ní eré ìje ọkọ̀ ayé àtijọ́ lòun fẹ́ wò. Nítorí gúgúrú lèmi ṣe jókòó tì í. Sinimá ò tíì dé ìdajì tó fi ń hanrun. Èmi tí mi ò dá ọkọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì ni mo wò ó dópin, wákàtí méjì ó lé díẹ̀.

Ọdún 1969 ni sinimá yìí jáde. Paul Newman ló ṣe Frank Capua, awakọ̀ eré ìje tí kò ní èrò méjì ju Indianapolis 500 lọ, eré ìje ọkọ̀ ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Joanne Woodward ló ṣe Elora, ìyá ọlọ́mọ kan tí òun àti ọkọ àárọ̀ ti túká, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ háyà. Alẹ́ ọjọ́ tí Frank borí nínú eré kan, tí ọtí sì ti ń pa á díẹ̀, ni wọ́n pàdé. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń wo ara wọn! Tọkọtaya ni Newman àti Woodward lóòótọ́ láti 1958, ojú wọn ò sì lè fi pamọ́.

Wọ́n fẹ́ra. Frank gba Charley, ọmọ Elora, ṣọmọ. Ó yẹ kí ara tu ìyàwó, àfi bó ṣe bá ìyálé nílé. Ọkọ̀ yẹn ni ìyálé o! Òun ni Frank ń jí lọ bá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń pẹ́ sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ló sì ń gbé wálé. Elora wá jókòó sí Indianapolis bí àlejò tí onílé gbàgbé. Ibẹ̀ ni Luther Erding (Robert Wagner), tí òun àti Frank jọ ń wakọ̀ fún ọ̀gá kan náà, ti ráyè wọlé.

Frank ṣí ìlẹ̀kùn yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ó ká ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọkùnrin yìí lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò pariwo, kò gbá ẹnikẹ́ni létí. Ó kàn yí padà. Ká ní sinimá tiwa ni, ará àdúgbò á ti pé, ìyá ọkọ á ti já gèlè sọ́rùn. Èmi ni mo pariwo "Yéè!" ní tèmi, ọkọ mi sì fara yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò jẹ́ kí Elora sọ tẹnu ẹ̀ tán. Àkókò tí wọn ì bá fi gbọ́ ọ, ọkọ̀ tó ń pòyì ni wọ́n fi wò. Luther náà, ẹwà lásán.

Eré ìje gan-an dáa, kí n má purọ́: 500 máìlì, ìyípo 200. Ọkọ̀ tó ń kọlu ara wọn níbẹ̀rẹ̀ eré kì í ṣe àdábọwọ́, ti eré gidi ọdún 1966 ni, nígbà tí ọkọ̀ 11 nínú 33 bàjẹ́ ní kété tí eré gbéra. Táyà ń fò lókè bí bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ débi pé mi ò mọ ta ló wà níwájú mọ́.

Inú sinimá yìí ni eré ìje ti wọ Newman lára. Ní 1979, lẹ́ni ọdún 54, òun àtàwọn tí wọ́n jọ wakọ̀ gba ipò kejì nínú eré ìje ọkọ̀ Le Mans, nílẹ̀ Faransé. Ìyálé wọlé Woodward nìyẹn, kì í ṣe ti eré mọ́. Síbẹ̀, ilé ọkọ ló wà títí Newman fi kú ní 2008.

Mi ò ní sọ ẹni tó borí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Frank lọ bá Elora, ó ní kí àwọn tún un bẹ̀rẹ̀. Àwòrán bá dúró gbagidi, a ò mọ̀ bóyá ìyàwó gbà. Mo ṣì tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ọkọ mi lajú. Ó ní, "Ta ló gba ipò kìíní?"

Mo ní kó dìde lọ sùn.