Èédú ni àbí gáàsì?

Ẹni tó bá fẹ́ sun ẹja àrọ̀ tàbí bọ̀ọ̀lì lẹ́yìnkùlé, ohun méjì ló wà: ìlàjì dúrọ́ọ̀mù tí wẹ́dà gé, tó fi irin lé lórí, tàbí ààrò gáàsì.

Ti èédú ni mo fẹ́ràn jù, ẹ má bínú. Bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sórí èédú tó ti pọ́n, á dún ṣàà, èéfín á dìde, á sì lẹ̀ mọ́ ẹja náà. Ibẹ̀ ni adùn yẹn ti ń wá. Ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ẹ ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí eérú funfun tó bò ó. Bí ẹ bá kánjú gbé ẹran lé ọwọ́ iná, ẹ̀yìn rẹ̀ á jó, inú á sì wà ní tútù. Ẹ má gbé ààrò èédú wọlé nítorí òjò o! Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò lóòórùn, ó sì ń pani.

Gáàsì yá ní tiẹ̀. Ìṣẹ́jú 10, ó ti gbóná. Kò sí eérú tí ẹ ó kó. Àmọ́ sílíńdà lè tán nígbà tí àlejò ti jókòó, ẹ sì ní láti máa fi omi ọṣẹ yẹ ìdí rọ́bà rẹ̀ wò bóyá ó ń jò.

Bọ̀ọ̀lì orí gáàsì? Ó jinná o, kò kàn dà bíi ti ìyá ẹ̀bá títì ni.